Àdán, Òòbẹ̀ àti Irinṣẹ́ tí Kò Gba Iṣẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti fi òwe yìí gba ara wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ iṣẹ́ tí ó le. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: bí irinṣẹ́ kò bá gba iṣẹ́ tí a fẹ́ fi í ṣe, kí ni ó tọ́ kí a gé kúrò nínú iṣẹ́ náà, ta ni yóò sì ru ẹrù ohun tí a gé?

Ọ̀nà tí a ń gbà kọ èdè Yorùbá sílẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wa. Ìpàdé tí ìjọ CMS ṣe ní Èkó ní ọdún 1875 fi ìdí àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ múlẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí a ń pè ní táípúráítà dé, a rí i pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ṣe é fún. Bí a bá ti tẹ lẹ́tà kan, bébà a sún. Kò sí àyè fún àmì tí yóò wà lórí lẹ́tà tàbí lábẹ́ rẹ̀. Àwọn kan fi kálàmù fa àmì sí i lẹ́yìn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán. Àwọn kan lo ẹ̀rọ tí a tún bọ́tìnnì rẹ̀ ṣe, tí àmì ń jáde láìjẹ́ pé bébà sún. Àwọn yòókù fi àmì sílẹ̀ pátápátá.

Ẹnìkan lè sọ pé kò sí ewu níbẹ̀, nítorí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò mọ ọ̀rọ̀ náà láti inú gbólóhùn. Òtítọ́ wà nínú èyí, pàápàá nínú lẹ́tà sí ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ‘Oko won ti baje’ nínú gbọ̀ngán ìdánwò: ṣé oko wọn ni, ọkọ́ wọn ni, tàbí ọkọ̀ wọn? Ìṣẹ́jú tí òǹkọ̀wé kọ̀ láti lò, òǹkàwé ni yóò lò ó ní ìlọ́po. Ibi tí ọ̀rọ̀ ìwà ti wọ ọ̀ràn náà nìyí. Ẹni tí ó fi kálàmù parí iṣẹ́ ru ẹrù àbùkù ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó fi àmì sílẹ̀ gbé e ru ẹlòmíràn láìbi í.

Lóde òní, kọ̀ǹpútà ti gba ipò táípúráítà. Nínú Unicode, ètò tí ó fún lẹ́tà èdè gbogbo ní nọ́ńbà, ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. A ní láti to àmì ohùn mọ́ lẹ́tà. Nígbà mìíràn àmì náà a yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Síbẹ̀ ó ṣeé ṣe. Nítorí náà, ẹni tí ó ṣì ń fi àmì sílẹ̀ kò lè di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ mọ́. Ohun tí ìṣòro fà ti di àṣà.

Òòbẹ̀ jọ àdán. Ìdí nìyẹn tí a fi lè fi rọ́pò rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí a fi aláǹgbá ṣe é. Òwe náà sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ‘bí a kò bá rí’: ẹni tí ó rí àdán tí kò nawọ́ mú un kò ní àwíjàre. Kò burú kí a yí iṣẹ́ padà nítorí irinṣẹ́, bí iṣẹ́ náà bá ṣì lè ṣe ohun tí a torí rẹ̀ dá a sílẹ̀, tí a sì ṣetán láti dá ohun tí a yọ padà nígbà tí àyè bá gbà. Olùkọ́ tí ó ń yọ máàkì akẹ́kọ̀ọ́ nítorí àmì ohùn, tí ó sì ń tẹ ìbéèrè ìdánwò láìfi àmì sí i, ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò.