Ǹjẹ́ Ẹ̀ṣẹ̀ Wà Nínú Ìbọn Orí Fóònù?

Àwọn kan nínú wa ní Ìkirè àti Apòmù ń bèèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni eré ìbọn tí àwọn ọmọ ń ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àgbà nínú irú eré bẹ́ẹ̀ ni Space Invaders. Tomohiro Nishikado ló ṣe é ní Japan ní ọdún 1978, nígbà tí àwa ṣì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ ọmọ ní ABD. Abàmì 55 ní ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Bí wọ́n ṣe ń dín kù ni wọ́n ń yára sí i. Wọn kò fẹ́ kí a máa yìnbọn fún ènìyàn níbẹ̀, ni wọ́n ṣe fi abàmì dípò.

Ìyẹn mú wa rántí ọjà Apòmù. Wọ́n ń jí àwọn ará Ọ̀yọ́ tà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dìjà, ìlú wa méjèèjì sì tú, kí ogun Òwu tó bẹ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1820. Ẹni tó ta ọmọ elédè kan náà ti kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò nínú ènìyàn lọ́kàn ara rẹ̀.

Nítorí náà, ìbọn inú fóònù kọ́ ló ń bà wá lẹ́rù. (Ti ọmọ tí kò fẹ́ dìde lọ fọ abọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.) Ọmọ tó bá kúrò nídìí eré, tó wá ń pe ọmọ àlejò ní abàmì, òun ni ká bẹ̀rù. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń yìnbọn fún.