Bírò Tó Dà Sílẹ̀ Lábẹ́ Igi

Bí o bá wọ Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún, nǹkan kan á ṣe ọ́ kí o tó dé etí odò Ọ̀ṣun. Ariwo ọ̀kadà á dákẹ́ lẹ́yìn rẹ, ara á tù ọ́, ohùn rẹ á sì wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí o má pariwo.

Àwọn onímọ̀ tó ń wo ohun tí àyíká ń ṣe fún ọkàn ọmọ èèyàn ti yẹ irú nǹkan yìí wò. Nínú ìwádìí tí Paul Piff, Dacher Keltner àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ jáde lọ́dún 2015, wọ́n mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sídìí àwọn igi gogoro ní yunifásítì Berkeley, ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan gbójú sókè wo igi fún ìṣẹ́jú kan péré; àwọn yòókù kọjú sí ilé gíga kan. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan ṣe bí ẹni ṣèèṣì, ó da bírò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó wo igi ló bá a ṣà á jù.

Igi ò wàásù o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí i pé òun kéré, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í le jù láti bẹ̀rẹ̀. Àwọn baba wa mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ìwé tó dé: èèwọ̀ ni igi gígé, ọdẹ ṣíṣe àti ẹja pípa nínú Igbó Ọ̀ṣun. Èèwọ̀ yẹn wà lára ohun tó dá igbó náà sí, tí UNESCO fi kà á mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé lọ́dún 2005.

Ìwà lẹ̀sìn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Ọ̀wọ̀ tí kò bá èèyàn délé, eré ni. Lóṣù kẹjọ ọdọọdún, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, à ń kúnlẹ̀ létí odò, ọ̀rá píọ̀wọ́tà tí a mu tán á sì wà lẹ́sẹ̀ wa. Lápá òkè odò, àwọn tó ń wa góòlù ń da ẹrẹ̀ sínú omi kan náà tí à ń pè ní ìyá, títí àwọ̀ rẹ̀ fi pọ́n.

Bírò ni wọ́n dà sílẹ̀ ní Berkeley. Ọ̀rá tí atẹ́gùn ń gbé lọ sódò ni tiwa. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ mú un, òun ni igbó bá sọ̀rọ̀ tó gbọ́.