Ta Ni Ó Ni Àyè Tó Ṣófo?

Èmi ni mo ń tọ́jú ìwàásù, orin ẹgbẹ́ akọrin àti fídíò ìsìnkú ìjọ wa, láti ayé kásẹ́ẹ̀tì títí di òní. Gbogbo rẹ̀ wà lórí háàdì díìsìkì mẹ́fà, tẹ́ràbáìtì 4 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ètò kan tó ń jẹ́ mergerfs ló sì so wọ́n pọ̀ di ọ̀kan lójú ẹni tó bá ń wò wọ́n. Nígbà tí mo ní ká dáwọ́ dúró ná, ká má kó nǹkan sí i mọ́, Bàbá Alàgbà wo ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n rí i pé tẹ́ràbáìtì 2.4 ṣì ṣófo. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, owó ọrẹ la fi ra nǹkan wọ̀nyí. Ṣé a ó wá fi í sílẹ̀ bíi tálẹ́ńtì tí ọmọ ọ̀dọ̀ inú òwe Jésù bò mọ́lẹ̀?"

Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kó rí èsì gidi.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fi hàn wọ́n ni pé 2.4 yẹn kò sí lójú kan. Mergerfs kì í gé fáìlì. Odindi fáìlì gbọ́dọ̀ jókòó sórí díìsìkì kan ṣoṣo. Bí gígábáìtì 400 bá ṣẹ́ kù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, fídíò ìpàgọ́ ọdún kan tí a dì sínú fáìlì gígábáìtì 500 kò ní ríbi wọ̀. Àròpọ̀ wọn ní àyè tó tó, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dá a ní. Ìjọ àkọ́kọ́ ní Jerúsálẹ́mù rí irú rẹ̀. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 4 sọ pé wọ́n da ohun ìní wọn pọ̀. Kó tó di orí 6, àwọn tó ń sọ èdè Gíríìkì ti ń kùn pé wọ́n ń gbójú fo àwọn opó àwọn nígbà ìpín ojoojúmọ́. Bíbélì kò sọ pé oúnjẹ tán. Ìpín ni kò dé ọ̀dọ̀ wọn, ìyẹn ni wọ́n ṣe yan ọkùnrin méje tí yóò máa mójú tó o. Mergerfs náà ń fẹ́ ìlànà ìpín. A lè ní kó máa gbé fáìlì tuntun lọ sórí díìsìkì tí àyè rẹ̀ pọ̀ jù, a sì lè ní kó má ya fáìlì kúrò níbi tí fóldà rẹ̀ ti wà tẹ́lẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni mo mú. Ó dùn mí pé ìwàásù oṣù kan fọ́n ká, ṣùgbọ́n ti kejì lè jẹ́ kí díìsìkì kan kún fọ́fọ́ nígbà tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní ẹrù.

Ti tálẹ́ńtì wá ńkọ́? Tálẹ́ńtì inú ilẹ̀ kò ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Àyè tó ṣófo ń ṣiṣẹ́. ZFS ni a fi ń ṣe ẹ̀dà lórí ẹ̀rọ kejì, ètò tí Jeff Bonwick àti Matthew Ahrens bẹ̀rẹ̀ ní Sun Microsystems ní 2001. ZFS kì í kọ tuntun lé ògbólógbòó lórí. Ibi tó ṣófo ló ń kọ ọ́ sí, lẹ́yìn náà ni yóò tú ti àtijọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, pípa fáìlì rẹ́ pàápàá ń gba àyè, torí àkọsílẹ̀ tó sọ pé fáìlì náà ti lọ gbọ́dọ̀ ríbi jókòó. Àwọn tó ṣe é mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe fi àyè díẹ̀ pamọ́ síbi tí ọwọ́ fáìlì ojoojúmọ́ kò ní tó o. Ẹni tó bá ti ro àmàlà rí mọ̀ pé ìkòkò tó kún dé ẹnu kò fún orógùn láyè. Mo sì gbà pé ìrònúpìwàdà náà ń fẹ́ àyè: ẹni tí gbogbo wákàtí rẹ̀ ti bá nǹkan lọ kò ní ibi tí yóò dúró sí láti yí padà.

Bàbá Alàgbà ní kí n fi Ìwé Mímọ́ gbè é lẹ́sẹ̀. Mo ṣí Léfítíkù orí 19, níbi tí òfin ti ní kí olóko má kórè dé etí oko rẹ̀, torí ti tálákà àti àlejò ni. Òfin yẹn ni Rúùtù ará Móábù rí gbára lé tó fi pèéṣẹ́ lóko Bóásì. Kí dòjé tó wọ oko ni àwọn olóko ti mọ̀ pé etí oko kì í ṣe tiwọn, láìmọ orúkọ ẹni tí yóò wá. Bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ká ya ìpín kan sọ́tọ̀ lórí díìsìkì wa.

Ibi kan wà tí ẹ̀rọ àti Léfítíkù ti yà síra. Ní 1984, Marshall Kirk McKusick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley kọ̀wé nípa ètò fáìlì tí wọ́n ṣe fún Unix, èyí tó máa ń fi nǹkan bí ìpín kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀. Ext4 orí Linux ń fi 5 nínú 100 sílẹ̀ títí dòní. Ọ̀gá ẹ̀rọ ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún. Nígbà tí àwọn yòókù bá ti gbọ́ pé àyè ti tán, òun ṣì lè máa kọ nǹkan lọ. Mo mọ ìdí rẹ̀: ẹnì kan gbọ́dọ̀ lè wọlé tún ẹ̀rọ ṣe. Ṣùgbọ́n nínú Léfítíkù, olóko gan-an ni òfin dè.

Èmi sì ni ọ̀gá ẹ̀rọ ní ìjọ wa. Mo bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé fídíò pásítọ̀, ti ìgbìmọ̀ àti tèmi kò gbọdọ̀ wọ inú ìpín yẹn. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ti ń bàjẹ́ lọ, tí ohùn ìyá rẹ̀ tó ti kú wà nínú rẹ̀, ni kó rí i lò, ì báà máa san owó ìjọ, ì báà má san. Bàbá Alàgbà ti gbà ká dá àyè náà sí. Ti ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ ni a ṣì ń fà mọ́ ara wa lọ́wọ́, nítorí òfin náà dárúkọ àlejò, èmi ò sì rí ọ̀nà tí a fi lè yọ ọ́ kúrò níbẹ̀.