Ilé Jákọ́bù Lójú Rábì àti Lójú Bíṣọ́ọ̀bù

Ọkọ Léà ni Jákọ́bù, òun náà sì ni ọkọ Rákélì. Ìtàn kan náà ni Júù àti Kristẹni ń kà. Òfin tí oníkálukú fà yọ nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Àwọn rábì kò dá Jákọ́bù lẹ́bi. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ìtàn àwọn Júù ti wí, Rabbenu Gershom ti ìlú Mainz ní Jámánì ka fífẹ́ ju aya kan lọ léèwọ̀. Wọn kò sọ pé Mósè ni ó wí bẹ́ẹ̀. Àṣẹ àwọn àgbà ni wọ́n pè é. Àwọn Júù ilẹ̀ Yemen kò gbà á, síbẹ̀ Júù ni wọ́n ń jẹ́.

Májẹ̀mú Titun ni ìjọ Kristẹni fi ń túmọ̀ ti Láéláé. Ọ̀rọ̀ Jésù lórí ìkọ̀sílẹ̀ ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n fún ilé Jákọ́bù. Ní 1888, àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà tí à ń pè ní Lambeth pinnu pé a kò gbọdọ̀ ri olóbìnrin púpọ̀ bọmi.

Ṣùgbọ́n odindi Bíbélì ti jáde ní èdè Yorùbá ní 1884. Ará Rẹ́mọ tí ó kà á rí ilé baba tirẹ̀ níbẹ̀: ìyálé, ìyàwó, ìjà orogún. Josiah Ositelu ti Ògèrè, tí ó ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà rí, dá Ìjọ Olúwa Aládúrà sílẹ̀ ní 1930. Òun fúnra rẹ̀ fẹ́ ju aya kan lọ.

Ní 1988, àpérò Lambeth yí ohùn padà: a lè ri irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bọmi bí ó bá ṣèlérí pé òun kò ní fẹ́ òmíràn mọ́, kí a má sì fi ipá mú un láti lé aya rẹ̀ kankan jáde. Kò sí ẹsẹ kan tí a fi kún Bíbélì láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún náà. Àwọn obìnrin tí ọkọ wọn ti lé jáde nítorí ìrìbọmi ni wọ́n san gbèsè ìtumọ̀ àkọ́kọ́.

Èmi kò gbè sẹ́yìn Ositelu pátápátá. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì kò fi ìbànújẹ́ Léà pamọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò bo owú Rákélì mọ́lẹ̀. Ohun tí a gbà láyè kì í ṣe ohun tí a yìn. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Àgbà lè ṣòfin fún ìgbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́wọ́, bí àwọn rábì ti ṣe, pé òun ni ó ṣe é. Bí a bá pe òfin tiwa ní òfin Ọlọ́run, ta ni aláìṣẹ̀ tí òfin náà pa lára yóò bi léèrè?