Ọ̀yà Alágbàṣe

Nígbà tí wòlíì Jeremáyà kéde ègbé lórí Jehoiákímù ọba (Jer. 22), kì í ṣe nítorí pé ó kọ́ ààfin, nítorí pé ó lo àwọn ènìyàn láìsan owó iṣẹ́ wọn ni. Ìjọba pẹ̀lú lè di aninilára.

Ní Amẹ́ríkà, ní 1927, agbaṣẹ́ṣe kan láti Alabama gba iṣẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba ní Long Island, ó sì kó àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà jíjìn wá fún ọ̀yà tí kò tó ti àwọn ará ibẹ̀. Robert Bacon, aṣòfin àdúgbò náà, kò gbà. Ní 1931 ó di òfin pé nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ọ̀yà bíríkìlà, káfíńtà àti lébìrà kò gbọdọ̀ dín sí èyí tí ó wọ́pọ̀ ní ìlú tí iṣẹ́ wà.

Ó dára. Ṣùgbọ́n àwa kò ní fi í pamọ́ pé ènìyàn dúdú wà nínú àwọn tí a kó wá, àti pé àwọn aṣòfin kan sọ̀rọ̀ wọn pẹ̀lú ẹ̀gàn. Ta ni ó gé ọ̀yà kù? Ṣé ẹni tí ebi ń pa ni, tàbí agbaṣẹ́ṣe? Mósè kò ya arákùnrin àti àlejò sọ́tọ̀ (Deut. 24): kí oòrùn tó wọ̀, kí a san án fún àwọn méjèèjì. Láti 1935, òfin Amẹ́ríkà náà pàṣẹ pé kí a máa sanwó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí a sì lẹ iye ọ̀yà mọ́ ojú iṣẹ́ kí olúkúlùkù lè rí i.

Kí ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ ìjọ wa, kí wọ́n tó dúnàádúrà, kọ́kọ́ wádìí pé èló ni bíríkìlà ń gbà lóòjọ́ ní ìlú wọn.