Ǹjẹ́ Irọ́ ni Àwòrán tí a Tún Ṣe?

Àwọn àgbà a máa wí pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹni tí ó fi etí gbọ́ ọ̀ràn lè ṣì í gbọ́, ẹni tí ó sì ń ròyìn rẹ̀ lè bù mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i, òun ni ẹlẹ́rìí. Nígbà tí Daguerre, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi iṣẹ́ ẹ̀rọ ayàwòrán rẹ̀ han ayé ní ọdún 1839, ohun tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé ó dàbí ẹni pé a ti rí ọ̀nà tí a fi lè gbé àfojúbà ránṣẹ́. Ẹni tí kò dé Pàrísì rí lè jókòó nínú ilé rẹ̀ kí ó máa wo òpópó Pàrísì. Wọ́n ní ọwọ́ ènìyàn kọ́ ni ó yà á, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó ya ara rẹ̀. Oòrùn kò sì ní ọ̀tá tàbí ọ̀rẹ́ tí ì bá tìtorí rẹ̀ purọ́. Nítorí èyí ni a fi ń lẹ àwòrán mọ́ ìwé ìrìnnà, tí a fi ń mú un lọ sí ilé ẹjọ́, tí a sì fi ń gbé e kọ́ sára ògiri, tí a ń sọ fún àlejò pé, bí bàbá wa ti rí nìyí.

Lónìí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ni ó ń kọ́ iṣẹ́ títún àwòrán ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ti kọ́ ọ lórí fóònù àwọn òbí wọn kí tíṣà tó mọ̀. Wọ́n ń kọ́ bí a ti ń yọ ènìyàn kúrò níbi tí ó dúró sí, bí a ti ń mú ẹni tí kò sí níbẹ̀ wọlé, bí a ti ń sọ ọ̀sán gangan di ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ náà dùn, ó sì ń mú owó wọlé. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí ìbéèrè kan fi ń dìde. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọmọbìnrin kan mú àwòrán ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí kíláàsì, tí ó sì ti fi ìyá wọn àgbà, ẹni tí ó ti kú ní ọdún méjì ṣáájú ìgbéyàwó náà, jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ìyàwó, pẹ̀lú gèlè àti aṣọ ẹbí tí ọwọ́ rẹ̀ kò kàn rí. Kí ni kí olùkọ́ wí? Ṣé kí ó fún un ní máàkì ni, tàbí kí ó rán an létí òfin kẹsàn-án, èyí tí ó kọ ẹ̀rí èké?

Àwọn kan wà tí wọn yóò dáhùn wéré pé gbogbo ọwọ́ tí a bá fi kan àwòrán lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti yà á tán, ẹ̀rí èké ni. Ó dá wa lójú pé àwọn wọ̀nyí kò wọ yàrá òkùnkùn ayàwòrán rí. Ní ayé àtijọ́, orí dígí tàbí fíìmù ni àwòrán ti ń kọ́kọ́ hàn, òdì ni ó sì ń hàn: ibi funfun á di dúdú, ibi dúdú á di funfun. Nígbà tí ayàwòrán bá ń tẹ̀ ẹ́ sórí takàda, á fi ọwọ́ rẹ̀ dí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ níbi ojú oníbàárà, kí ojú náà má bàa dú jù. Kí ó tó ṣe èyí, á ti mú pẹ́ńsù tí ó mú ṣóńṣó, á ti fi tọ́ ara dígí náà lẹ́sẹ̀ẹsẹ̀ títí ihunjọ iwájú orí àgbà yóò fi rọ̀. Kí a má tilẹ̀ tíì sọ ti aṣọ tí a ya ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí, tí a ta sí ẹ̀yìn ẹni tí kò ní ju yàrá kan lọ, tàbí ti aago ọwọ́ tí ayàwòrán fi ń yá àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọwọ́ ènìyàn nínú àwòrán bá jẹ́ irọ́, a jẹ́ pé àwọn baba ńlá wa tí wọ́n wà lára ògiri wa, òpùrọ́ ni gbogbo wọn.

Àwọn mìíràn kò fi ọ̀nà tí wọ́n gbà pamọ́ rárá. Ní ọdún 1857, Oscar Rejlander, ọmọ ilẹ̀ Sweden tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi àwòrán ńlá kan hàn ní ìlú Manchester. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ni ó wà ní àárín rẹ̀ tí wọ́n ń wọ inú ayé lọ: ọ̀kan kọjú sí iṣẹ́ àti ìsìn, èkejì kọjú sí tẹ́tẹ́ àti ọtí. Àwòrán òdì tí ó ju 30 lọ ni Rejlander fi ọgbọ́n tẹ̀ pọ̀ tí wọ́n fi di ẹyọ kan, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ ní gbangba fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọbabìnrin Victoria ra ọ̀kan nínú rẹ̀. Òwe ni àwòrán náà. Olùkọ́ tí ó bá pè é ní irọ́ ní láti pe àlọ́ ìjàpá ní irọ́ pẹ̀lú, kí ó sì dẹ́kun àti máa pa á fún àwọn ọmọ.

Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti Rejlander. Ó kàn yá ju tirẹ̀ lọ ni. Ní ọdún 1987 ni Thomas Knoll, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ètò tí òun àti John àbúrò rẹ̀ sọ di Photoshop, tí ilé-iṣẹ́ Adobe sì gbé jáde ní ọdún 1990. Ní ọdún 1994 ni wọ́n fi ìpele sí i. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú inú wo gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a tò lé ara wọn: ìyàwó wà lórí ọ̀kan, ìyá àgbà wà lórí èkejì, ògiri ẹ̀yìn wọn wà lórí ẹ̀kẹta, bí a bá wò ó láti òkè, ọ̀kan ṣoṣo ni ojú ń rí. A tún lè fi ìbòjú bo apá kan ìpele: ibi tí a bá kùn ní dúdú lára ìbòjú náà yóò pamọ́, ibi tí a bá kùn ní funfun yóò hàn. Ẹni tí ó bá ti mọ èyí dáadáa ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Ìdáhùn kejì ni ti àwọn tí ń wí pé eré lásán ni gbogbo rẹ̀, pé kí a fi àwọn ọmọ sílẹ̀. A kò lè gba èyí náà. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀ràn ìyá méjì yẹ̀ wò, nítorí àwọn méjèèjì ni òkú ọmọ ń dùn, ọ̀nà kan náà ni ayàwòrán sì lè gbà fún àwọn méjèèjì.

Ìyá èkínní wà ní Amẹ́ríkà. Ogun abẹ́lé jà níbẹ̀ láti ọdún 1861 títí di 1865, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 600,000 lọ. Ní ìlú Boston, ayàwòrán kan tí a ń pè ní William Mumler bẹ̀rẹ̀ sí í ya irú àwòrán kan. Bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ bá jókòó níwájú ẹ̀rọ rẹ̀, nígbà tí àwòrán bá jáde, a ó rí òjìji funfun kan lẹ́yìn olúwa rẹ̀, bí ẹni tí ó gbé ọwọ́ lé e ní èjìká. Mumler ní ẹ̀mí òkú ni. Àwọn òbí tí wọn kò rí òkú ọmọ wọn sin san owó gidi fún un, wọ́n sì fi ẹkún ìtùnú gba àwòrán náà. Nígbà tí ó di ọdún 1869, wọ́n pè é lẹ́jọ́ jìbìtì ní New York. Àwọn ayàwòrán wá jẹ́rìí sí onírúurú ọ̀nà tí a fi lè ṣe irú rẹ̀, àgàgà kí a jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọ dígí kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Adájọ́ wí pé ó dá òun lójú pé ẹ̀tàn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ gan-an bí ọkùnrin náà ti ṣe é, ó dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni opó Lincoln, ààrẹ tí a pa, lọ ya àwòrán lọ́dọ̀ rẹ̀, tí òjìji ọkọ rẹ̀ sì hàn lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá kejì wà ní ilẹ̀ wa, ní Ìlá Ọ̀ràngún. Stephen Sprague, ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà, kọ nípa irú ọ̀ràn yìí ní ọdún 1978. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn ará ìṣáájú a máa gbẹ́ ère fún un, wọn a sì máa tọ́jú ère náà bí ọmọ. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ìdílé di onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí, àwọn kan fi àwòrán rọ́pò ère. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá kú kí a tó ya àwòrán rẹ̀ ńkọ́? Ayàwòrán á gbé èyí tí ó kù jókòó, á yà á, á sì tẹ àwòrán òdì kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí takàda kan, títí Táíwò àti Kẹ́hìndé yóò fi jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọkùnrin kan obìnrin kan ni wọ́n bí, á ya ọmọ tí ó kù nínú aṣọ ara rẹ̀, á tún yà á nínú irú aṣọ tí èkejì ì bá wọ̀. (Bóyá ó yẹ kí onígbàgbọ́ tọ́jú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ọ̀ràn ti àlùfáà ni; a kò ní wọ inú rẹ̀ níhìn-ín.)

Kí ni ó ya iṣẹ́ méjèèjì nípa? Ìfẹ́ ìyá kọ́, nítorí ìfẹ́ wà ní ìhà méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni ayàwòrán méjèèjì gba owó. Ohun tí àwa rí ni èyí: bí ẹnìkan bá lọ bá ìyá tí ó wà ní Boston, tí ó sì sọ bí a ti ṣe àwòrán náà fún un, àwòrán náà parí lójú ẹsẹ̀, yóò sunkún lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá lọ sọ fún ìyá tí ó wà ní Ìlá pé ọmọ kan náà ni ó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á bi í léèrè bóyá ó rò pé òun kò mọ ọmọ òun ni. Òun ni ó gbé ọmọ náà wọ sítúdíò. Òun ni ó pààrọ̀ aṣọ fún un. Kò sí ohun tí àṣírí náà lè bàjẹ́ nínú àwòrán náà, nítorí kò sí àṣírí.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ dán iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò, kí a bi í léèrè pé, 'Bí o bá sọ bí o ti ṣe é fún ẹni tí ó ń wò ó, ǹjẹ́ àwòrán yìí yóò ṣì wúlò fún un?' Ọmọbìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níṣàájú lè fi ìgboyà dáhùn. Gbogbo ẹbí ni ó sin màmá náà.

Ṣùgbọ́n ibi yìí gan-an ni ọ̀ràn náà ti le. Àwòrán a máa pẹ́ ju àwọn tí ó mọ ìdí rẹ̀ lọ. Ìyá ìbejì yóò kú, àwòrán yóò wà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò ṣí àpótí, yóò ka ọmọ méjì, yóò sì máa bèèrè pé níbo ni èkejì wà. Àwọn aláṣẹ búburú mọ èyí dájú. Wọ́n ya Yezhov, olórí ọlọ́pàá ìkọ̀kọ̀ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, pọ̀ pẹ̀lú Stalin létí odò tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ láti Moscow lọ sí odò Volga. Ní ọdún 1940 Stalin mú kí wọ́n pa á, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú àwòrán náà: omi lásán ni ó kù níbi tí ó dúró sí. Kì í ṣe àwọn tí ó mọ Yezhov ni wọ́n ń tàn; àwọn tí a kò tíì bí ni. Èyí tí ìwé ìròyìn National Geographic ṣe ní oṣù kejì ọdún 1982 kò burú tó bẹ́ẹ̀ rárá: wọ́n fi kọ̀ǹpútà sún àwọn òkè pírámíìdì Íjíbítì mọ́ ara wọn kí àwòrán náà lè bá èèpo ìwé wọn mu. Síbẹ̀ àwọn òǹkàwé bínú, ó sì tọ́ kí wọ́n bínú, nítorí àfojúbà ni wọ́n san owó fún. Ní òde òní, a lè kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ẹ̀rọ kí ó sì yọ ojú ẹni tí ìyá kankan kò bí rí. Àwòrán ti padà di ìròyìn. Ẹnu ẹni tí ó mú un wá ni a ó máa wò.

Ohun kan ṣì kù tí ìdánwò wa kò lè mú, a kò sì ní fi í pamọ́. Bàbá kan kú. Àbàjà ni ó kọ sí ojú. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ tẹ àwòrán rẹ̀ sí ìwé ètò ìsìnkú, wọ́n sì ní kí ayàwòrán bá àwọn pa ilà náà rẹ́, kí ó sì mú àwọ̀ bàbá pọ́n díẹ̀. Kò sí ẹni tí a tàn: gbogbo àwọn tí ó wá sí ìsìnkú ni ó mọ ilà ojú rẹ̀. Bí a bá sọ àṣírí náà, kò ba nǹkan jẹ́. Síbẹ̀ ọkàn wa kọ̀ ọ́. Bóyá kì í ṣe irọ́ ni a ń rí níbẹ̀, bí kò ṣe ìtìjú: ọmọ tí ojú baba rẹ̀ ń tì. Irọ́ ni òfin kẹsàn-án ń bá wí. Ti èyí, ó dàbí ẹni pé òfin karùn-ún ni ó kàn án.

Ní ti ọmọbìnrin wa, kí olùkọ́ fún un ní máàkì, bí a bá gé gèlè náà dáadáa tí òjìji rẹ̀ sì bá ti àwọn yòókù mu. Kí ó bi í léèrè bóyá ó tọ́jú àwòrán àkọ́kọ́ láìfọwọ́kàn án. Lẹ́yìn náà kí ó yí takàda náà padà, kí ó fún un ní kálàmù, kí ó sì jẹ́ kí ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti ọdún: 'Màmá wa àgbà ti sùn nínú Olúwa kí ọjọ́ yìí tó dé. Èmi ni mo fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ìyàwó.'