Ìnira Àfọwọ́fà: Ǹjẹ́ Ẹ̀kọ́ Wà Nínú Rẹ̀?



Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, lẹ́tà kan ni ó bí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Ẹnì kan tí ó kéwú lọ́dọ̀ wa nígbà kan rí ni ó kọ ọ́ láti ìlú Exeter, ní ìpínlẹ̀ Devon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òun àti ìdílé rẹ̀ ń gbé. Àríyànjiyàn wà láàrin òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, ó sì ní kí á bá àwọn dá a. Ó gbà kí á mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ojú ìwé yìí, bí a kò bá ti dárúkọ òun.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Nínú Devon, ilẹ̀ olókè kan wà tí wọ́n ń pè ní Dartmoor. Láti 1960 ni àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣètò ìrìn kan níbẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ nínú oṣù May. Ten Tors ni wọ́n ń pè é, nítorí pé òkè olórí àpáta mẹ́wàá ni wọ́n gbọ́dọ̀ kàn. Ọmọ mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń pín sí ẹgbẹ́. Wọ́n á rin máìlì 35, tàbí 45, tàbí 55 láàrin ọjọ́ méjì, wọ́n á sì sùn mọ́jú lórí òkè nínú àgọ́ tí àwọn fúnra wọn gbé lẹ́yìn. Àgbàlagbà kankan kì í bá wọn rìn. Ọmọ yìí fẹ́ lọ. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ dé London, oṣù mẹ́jọ ni òun fi sùn lórí ilẹ̀ páálọ̀ àwọn ènìyàn. Bí àwọn onílé kò bá tíì wọ yàrá lọ, òun kò lè nà gbalaja. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ̀ pé: “Mo ti sùn nílẹ̀ tó fún èmi àti ọmọ mi.”

Kí ó má baà dà bí ẹni pé ó fi dùn ọmọ náà, ó kó gbogbo ìdílé lọ lo òru mẹ́ta nínú àgọ́ ìgbàlódé kan ní oko àgbẹ̀ kan ní Devon níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, iná wà, ààrò onírin wà tí ń mú inú àgọ́ móoru, omi gbígbóná wà fún ìwẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, bàbá ní, “Ṣé o ti rí i báyìí, a ti pàgọ́.” Ọmọ dáhùn pé, “Dádì, a kò pàgọ́ kankan. Hòtẹ́ẹ̀lì aláṣọ ni a lọ.” Inú bí bàbá gidigidi. Ó wá bi wá léèrè: ta ni ó jàre?

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ẹ̀rín pé ti àwọn tó wà lókè òkun ni. Ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀ kan gbogbo wa: bí ẹni tí ó ní ìrọ̀rùn bá fọwọ́ ara rẹ̀ yan ìnira fún ọjọ́ díẹ̀, ǹjẹ́ ó ti mọ ìnira? Bí ó bá sì fi owó yọ ìnira kúrò nínú ìnira, kí ni ó kù tí ó rà?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Láàrin àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí wọ́n máa ń tọ́ka sí bí baba àwọn tí ń pàgọ́ fún ìsinmi ni Thomas Hiram Holding. Télọ̀ ni. Nígbà tí ó wà lọ́mọdé, ní 1853, ó bá àwọn tí ń ṣí kiri gba pápá gbalasa ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọjá nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù. Nígbà tí ó dàgbà, ó ń wá àgọ́ tí ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lè dì mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ní 1901, òun àti àwọn díẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn apàgọ́ oníkẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Ní 1908, ó kọ ìwé lórí ọgbọ́n pípàgọ́. Olórí ọgbọ́n náà kò ju ọ̀kan lọ: kí ẹrù fúyẹ́. Ohun tí o kò bá nílò, fi í sílé.

Glamping, èyí tí bàbá kó ìdílé rẹ̀ lọ, yàtọ̀ sí èyí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì ni wọ́n so pọ̀ tí ó fi di bẹ́ẹ̀, ọ̀kan túmọ̀ sí oge, ìkejì túmọ̀ sí pípàgọ́. Ọ̀rọ̀ tuntun ni; 2016 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á wọlé sínú ìwé atúmọ̀-èdè ńlá ti Oxford. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Ọ̀kan ni yurt, ilé rìbìtì aláṣọ tí àwọn darandaran àárín gbùngbùn ilẹ̀ Éṣíà ń tú, tí wọ́n sì ń tò, bí wọ́n bá ti ń da ẹran kiri. Òmíràn ni ilé pákó kékeré onítáyà irin tí olùṣọ́-àgùntàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń sùn sí láyé àtijọ́ nígbà tí àgùntàn bá ń bímọ, kí ó lè tètè gbọ́ igbe wọn nínú òtútù òru. Ibi iṣẹ́ ni ilé yẹn jẹ́ nígbà náà. Lónìí, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí bẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀, àlejò sì ń sanwó kí ó lè sùn níbi tí olùṣọ́-àgùntàn kì í ti í sùn gbádùn.

Ṣé a ó wá sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Rárá o. Nínú Suratul-Aaraafi, aaya 32, Ọlọ́hun Ọba bi ẹ̀dá léèrè ẹni tí ó sọ ọ̀ṣọ́ tí Òun mú jáde fún àwọn ẹrúsìn Rẹ̀ di èèwọ̀. Owó àlejò yìí sì wúlò fún àgbẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni owó àgùntàn àti wàrà nìkan kò tó mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ìyá arúgbó tí eegun ń dùn, aboyún, àti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dáadáa, bí kò bá sí bẹ́ẹ̀dì nínú àgọ́, wọn kò ní fojú rí ìràwọ̀ orí oko náà láé. Ẹni tí ó bá ní kí irú wọn sùn nílẹ̀ kí wọ́n tó lè jẹ́ apàgọ́ ti ṣe àṣejù.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀? Ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ níbi orúkọ. Nínú Suratun-Nahli, aaya 80, Ọlọ́hun ka àgọ́ tí a fi awọ ẹran ṣe mọ́ ìdẹ̀ra tí Ó ṣe fún wa, Ó sì dárúkọ fífúyẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ìrìn àti lọ́jọ́ ìdúró. Bí àgọ́ bá ti ní bẹ́ẹ̀dì onígi àti ààrò onírin, ta ni yóò gbé e? Kò burú bí ènìyàn bá ra ìrọ̀rùn. Ohun tó burú ni kí ó ra ìrọ̀rùn kí ó sì pè é ní sùúrù. Ẹ wo ẹni tí ó gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó fi oorun pa ọ̀sán láti àsùbáà títí di ìgbà tí wọ́n pe mọ́gàríbà. A kò sọ pé ààwẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jókòó láàrin àwọn ènìyàn tí ó ń ṣàlàyé bí ebi ṣe ń rí, a ó rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ ọmọ yìí náà ní láti fetí sílẹ̀, nítorí pé bàbá rẹ̀ mọ ohun tí òun kò mọ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹni tó lọ sí Ten Tors mọ̀ pé ọjọ́ kejì ni òpin rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ bá rọ́, àwọn sójà yóò wá gbé òun. Ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì òun ń dúró de òun nílé. Ẹni tí ń sùn nílẹ̀ páálọ̀ ọlọ́pàálọ̀ kò mọ ọjọ́ tí yóò parí. Àárẹ̀ ni ó ń bá ẹni àkọ́kọ́ jà. Ti ẹnì kejì ju àárẹ̀ lọ: ẹ̀rù wà níbẹ̀, ìtìjú sì wà níbẹ̀.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti fi ìyàtọ̀ yìí hàn lọ́nà tí ó bani nínú jẹ́. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1824 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹni tí kò nílé, tí kò sì ní ohun tí yóò fi gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, máa sùn síta. Ó dárúkọ abẹ́ àgọ́ pẹ̀lú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé igba ọdún kí ilé aṣòfin wọn tó dìbò, ní 2022, pé kí wọ́n pa á rẹ́. Ẹ rò ó wò: aṣọ kan náà, ojò kan náà. Ẹni tí ó nílé sùn sábẹ́ rẹ̀, wọ́n pè é ní ìsinmi. Ẹni tí kò nílé sùn sábẹ́ rẹ̀, wọ́n pè é ní ọ̀daràn. Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ kankan má ṣe ti orí òkè dé kí ó ní òun ti mọ bí ó ṣe ń ṣe aláìní.

Kí wá ni ẹ̀kọ́ inú ìnira àfọwọ́fà? Kò lè fi ara aláìní hàn ọ́, ṣùgbọ́n ó lè fi ara rẹ hàn ọ́. Ẹni tí ó gbé oúnjẹ, omi, aṣọ àti ilé rẹ̀ lẹ́yìn fún ọjọ́ méjì yóò mọ bí ohun tí ó tó ènìyàn ṣe kéré tó. Yóò sì mọ èyí tí ó ń fi ojúkòkòrò kó jọ. Irú ìmọ̀ yìí, ìwé kì í fi kọ́ni.

Ṣùgbọ́n kí á tó dájọ́, ẹjọ́ mìíràn wà tí ó yẹ kí á gbọ́, orí ilẹ̀ Dartmoor yìí kan náà ni ó ti ṣẹlẹ̀. Dartmoor fẹ̀ tó kìlómítà 954 níbùú lóòró. Láti 1951 ni ó ti wà lábẹ́ ìtọ́jú ìjọba, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ náà ní onílẹ̀. Òfin 1985 fún gbogbo ènìyàn láyè láti fi ẹsẹ̀ tàbí ẹṣin wọ ibi tí àgùntàn ti ń jẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n lè gbádùn ara wọn ní gbangba. Tọkọtaya onílẹ̀ kan gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé-ẹjọ́ pé òfin yìí kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti pàgọ́ sùn láìtọrọ ààyè. Ní oṣù January 2023, Ilé-ẹjọ́ Gíga dá wọn láre: adájọ́ ní oorun kì í ṣe ìgbádùn fúnra rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn rìn jáde lórí òkè náà láti fi ẹ̀hónú hàn. Ní oṣù July ọdún náà, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ padà. Ní 21 May 2025, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fẹnu kò pé ẹ̀tọ́ ará ìlú ni láti pàgọ́ síbẹ̀.

Ẹ má bú onílẹ̀. Iná lè ran koríko, ajá lè lé àgùntàn, ìdọ̀tí lè kún ilẹ̀. Ìdí nìyí tí ìlànà fi wà: àgọ́ kékeré tí ènìyàn lè gbé lẹ́yìn, òru kan tàbí méjì lójú kan, kò sí iná dídá, kí a má sì fi ohunkóhun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìdájọ́ yìí dá sí. Ẹni tí kò lè san owó glamping ṣì lè sùn sábẹ́ ìràwọ̀ Devon láìsan kọ́bọ̀. Àwa rò pé ibi tí ọ̀rọ̀ ìwà wà gan-an nìyí. Kí olówó sùn lórí bẹ́ẹ̀dì nínú àgọ́, kò ni ẹnikẹ́ni lára. Ohun tí yóò ni àwọn mìíràn lára ni kí gbogbo oko di ti olówó, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí kò ní kò ní rí ibi tẹ́ ẹní rẹ̀ sí.

Ìdájọ́ wa rèé, Ọlọ́hun ni ó mọ̀ jù. Ọmọ jàre lórí orúkọ: ìsinmi dáadáa ni wọ́n lọ, wọn kò pàgọ́. Bàbá náà jàre lórí ìyà: ìyà kì í ṣe eré, kò sì sí òbí rere tí ń wá ìyà fún ọmọ. Ṣùgbọ́n o ṣi ohun kan pè, arákùnrin wa. Ohun tí ọmọ rẹ ń béèrè kì í ṣe oṣù mẹ́jọ tí o lò lórí ilẹ̀ páálọ̀. Ó ń béèrè kí o gbà pé òun lè gbé ẹrù. Jẹ́ kí ó lọ.

Ohun kan ṣì wà. Nínú gbogbo lẹ́tà rẹ, a kò rí i pé o ti sọ ọ̀rọ̀ páálọ̀ yẹn fún un rí. Àwa olùkọ́ rẹ gbọ́ ọ, ọmọ rẹ kò gbọ́. Kí oṣù May tó dé, ra àgọ́ kékeré kan, kí ìwọ àti ọmọ rẹ lọ sùn lórí Dartmoor lóru ọjọ́ kan. Òfin ti fún yín láyè, kò sì sí owó tí ẹ óò san. Ilẹ̀ náà yóò le, eegun rẹ yóò sì dùn ọ́. Nígbà tí ẹ bá kírun ìṣáà tán, sọ fún un bí o ṣe sùn ní London, àti ẹni tí ó fún ọ ní aṣọ ìbora nígbà náà.

Kí Ọlọ́hun Ọba má ṣe fi ìnira tí a kò yàn dán wa wò, kí Ó sì jẹ́ kí á rántí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀. Aamiin.

Wasalaam.